Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n torí ọmọbìnrin kan ṣoṣo ṣí téṣàn rélùwéè sílẹ̀ ní Japan?

Ìbéèrè tó wọlé sí mi rèé, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Sunday tó kọjá, pásítọ̀ wa ń wàásù lórí àgùntàn kan tó sọnù nínú ọgọ́rùn-ún, ni wọ́n bá mú Japan wá ṣàpẹẹrẹ, pé àwọn rélùwéè ibẹ̀ kọ̀ láti ti téṣàn kan pa torí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó ń wọkọ̀ níbẹ̀ lọ sílé ìwé, pé ìgbà tọ́mọ yẹn jáde ilé ìwé ni wọ́n tó tì í. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pariwo halelúyà. Èmi ṣáà ń rò ó lọ́kàn mi pé ta ló wá ń sanwó dísù? Ṣé òótọ́ ni ìtàn yẹn, kí ni kí n sọ fún pásítọ̀?"

Àbúrò, o ṣeun. Ọ̀rọ̀ owó dísù yẹn gan-an ló dùn mọ́ mi jù nínú ìbéèrè ẹ, torí òun làwọn tó ń pín ìtàn yìí kiri kì í béèrè. Màá débẹ̀. Ká kọ́kọ́ yọ òótọ́ kúrò lára irọ́ ná.

Téṣàn wà, ọmọbìnrin náà wà. Ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ni, òun ló kù tó ń wọkọ̀ níbẹ̀ déédéé, ó parí ilé ìwé ní March 2016, wọ́n sì ti téṣàn náà pa ní March 26, 2016. Gbogbo ìyẹn ò ṣeé já ní koro. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi kún un, ìyẹn "nítorí", ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló sì sọ ọ́ di ìwàásù.

Facebook ló ti gba ìgboro. January 2016 ni CCTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba China, gbé e síbẹ̀, wọ́n ní Kami-Shirataki lorúkọ téṣàn yẹn, pé ó wà ní erékùṣù Hokkaido lápá àríwá Japan níbi tí òjò dídì ti ń bo ilé mọ́lẹ̀, pé ọkọ̀ méjì péré ló ń dúró níbẹ̀ lójúmọ́, ọ̀kan ní 7:04 àárọ̀, ọ̀kan ní 5:08 ìrọ̀lẹ́, ìgbà tọ́mọ ń lọ àti ìgbà tọ́mọ ń bọ̀. Ká tó wí ká tó fọ̀, ó ti dé orí WhatsApp gbogbo ayé, ó sì ti dé orí pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì yín báyìí.

Àkókò ọkọ̀ yẹn tọ́ o, ti Kami-Shirataki ni lóòótọ́. Àmọ́ kì í ṣe Kami-Shirataki lọmọ náà ti ń wọkọ̀, Kyu-Shirataki ni, téṣàn méjì ló tún wà níwájú. Níbẹ̀, ọkọ̀ kan ló ń lọ sápá ilé ìwé láàárọ̀, mẹ́ta ló sì ń padà bọ̀ lọ́sàn-án sí alẹ́, kì í ṣe ọ̀kan lọ ọ̀kan bọ̀. Àṣìṣe yẹn ò yà mí lẹ́nu ṣá, torí àwọn Shirataki yẹn pọ̀ débi pé wọ́n lè da ẹni tó mọ̀nà gan-an lójú rú.

Jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀. Shira ni funfun, taki ni omi tó ń já láti orí òkè. Odò kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Yubetsu, irin rélùwéè sì ń bá odò yẹn rìn lọ sísàlẹ̀. Tó o bá ti orí òkè ń bọ̀, Oku-Shirataki lo máa kọ́kọ́ kàn, ìyẹn Shirataki inú lọ́hùn-ún, lẹ́yìn ẹ̀ Kami-Shirataki, ìyẹn ti òkè, lẹ́yìn ẹ̀ Shirataki gangan, lẹ́yìn ẹ̀ Kyu-Shirataki, ti àtijọ́, kó o tó wá kan Shimo-Shirataki, ti ìsàlẹ̀. Márùn-ún tó tò tẹ̀ léra. Bá a ṣe ń pe Òkè èyí Ìsàlẹ̀ tọ̀hún nílé náà ni. Nínú márùn-ún yẹn, ọ̀kan ṣoṣo ló ṣì ń gba èrò lónìí, Shirataki gangan tó wà láàárín. Èyí tó wà lọ́hùn-ún ti kọ́kọ́ lọ ní 2001, àwọn mẹ́ta tó kù wá lọ lọ́jọ́ kan náà ní 2016.

Ojú irin tí gbogbo wọn wà lórí ẹ̀ ni Sekihoku, 234 kìlómítà, láti Shin-Asahikawa títí dé Abashiri létí òkun. Tó o bá fẹ́ mọ ìdí téèyàn fi kọ́ téṣàn sí irú aginjù bẹ́ẹ̀, wàá padà sẹ́yìn gan-an. Ní 1891, kí irin tó débẹ̀ rárá, ìjọba Japan fẹ́ ọ̀nà gba inú igbó yẹn kọjá, ẹ̀rù Rọ́ṣíà ń bà wọ́n, ni wọ́n bá kó ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní 1,000 jáde láti ẹ̀wọ̀n Abashiri pé kí wọ́n là á. Láàárín oṣù díẹ̀ wọ́n là á tán, ó lé ní 200 nínú wọn tó kú sójú ọ̀nà. Ẹ̀yìn ìyẹn làwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá tẹ̀ dó. Ọ̀kan nínú wọn lo ti gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, kódà tí o ò bá mọ nǹkan kan nípa rélùwéè: Morihei Ueshiba, ẹni tó dá ìjà aikido sílẹ̀. 1912 ló kó agbo ilé 54 láti Tanabe lápá gúúsù Japan wá sí Shirataki, wọ́n ń gé igi, wọ́n ń dáko nínú òtútù, ó sì tó ọdún méje tó lò níbẹ̀ kó tó padà lọ. Ní Engaru, ìlú tọ́mọbìnrin tiwa yìí ń lọ sílé ìwé, ló ti pàdé Sokaku Takeda tó kọ́ ọ níjà ní 1915. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń wọ kímónò funfun ṣe aikido kiri, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n mọ̀ pé inú oko ìgbẹ́ kan báyìí ni baba yẹn ti bẹ̀rẹ̀.

Irin dé Shirataki ní 1929, láti ìsàlẹ̀ wá. Òkè tó wà láàárín Shirataki àti Kamikawa, ìlú tó wà lódìkejì òkè yẹn, ló gba àkókò, wọ́n ní láti dá ihò abẹ́ òkè tó gùn tó mítà 4,329 kí ojú irin méjèèjì tó pàdé, October 1, 1932 ni wọ́n sì tó so wọ́n pọ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ṣí Kami-Shirataki. Nígbà náà kì í ṣe ìtura arìnrìn-àjò nìkan ni wọ́n ṣe ń kọ́ téṣàn síbẹ̀ o, irin kan ṣoṣo ló wà, ọkọ̀ tó ń lọ àtèyí tó ń bọ̀ ò lè gba ara wọn kọjá àfi níbi tí irin bá ti pín sí méjì. Torí náà ní gbogbo kìlómítà mélòó kan, o gbọ́dọ̀ ní ibi tí ọkọ̀ kan á ti yà dúró de èkejì, ẹnì kan á wà níbẹ̀ tó ń yí irin, ẹni yẹn á láya, ìyàwó ẹ̀ á bímọ, agégi á wá kọ́lé sítòsí torí pé ọkọ̀ ń dúró, bí àdúgbò ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Kyu-Shirataki tiẹ̀ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe téṣàn nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1947. Rélùwéè ìjọba Japan ayé ìgbà yẹn ní irú ibùdó kan tí àwọn ọ̀gá àdúgbò lè ṣí fúnra wọn láìjẹ́ pé olú ilé iṣẹ́ fọwọ́ sí i, wọ́n ń pè é ní ibi ìwọkọ̀ fúngbà díẹ̀, Hokkaido ló sì ní i jù. Kò sí nínú ìwé gbogboogbò, tó o bá wọkọ̀ níbẹ̀ iye owó téṣàn tó sún mọ́ ọn ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹ, bí ẹni pé ibẹ̀ ò sí láyé. "Fúngbà díẹ̀" yẹn di 40 ọdún. April 1, 1987, ọjọ́ tí wọ́n pín rélùwéè ìjọba, ni wọ́n tó sọ gbogbo irú ẹ̀ di téṣàn gidi, Kyu-Shirataki sì bá wọn wọlé. Pèpéle kúkurú kan, ojú irin kan ṣoṣo, ahéré onípákó kan tí òòrùn àti òjò dídì ti jẹ àwọ̀ ara ẹ̀ tán. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo wọ ọkọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan, February 2014, ìgbà tí mo ṣì ń kàwé ní Sapporo, olú ìlú Hokkaido. Mo lọ sùn sí Kamikawa mọ́jú torí pé téèyàn bá pàdánù ọkọ̀ àárọ̀ yẹn, ó di ọ̀la. Ọkọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kan ni, KiHa 40 ni wọ́n ń pè é, ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láàárín 1977 sí 1982, dísù ló ń mu, ó ń gbọ̀n bíi mólúè. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lo máa gbà wọlé, ẹ̀rọ kékeré kan á pọ bébà pélébé kan tó ní nọ́ńbà fún ẹ, òǹkà yẹn ló ń sọ ibi tó o ti wọlé, pátákó kan wà lókè orí dírẹ́bà tó ń fi iye tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan máa san hàn, bí ọkọ̀ bá ṣe ń lọ lowó ń gorí ara wọn. Kò sí kọ̀ńdọ́. Tó o bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, o máa rìn lọ síwájú, o máa ju bébà àtowó sínú àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Wíńdò ẹ̀ jẹ́ onílọ́po méjì, ti inú àti ti ìta, yìnyín sì ti ya òdòdó sáàárín méjèèjì.

A kúrò ní Kamikawa, a ò dúró níbì kankan fún 34 kìlómítà. Igbó, igbó, ihò abẹ́ òkè, igbó. Lẹ́yìn náà ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọra, mo sì rí ilé onípákó kan tí òjò dídì bò dé fèrèsé. Kami-Shirataki, 7:04. Ilẹ̀kùn ṣí. Kò sẹ́ni tó wọlé, kò sẹ́ni tó sọ̀. Mo ronú pé kí n sọ̀ kalẹ̀ ya fọ́tò, mo tún rántí pé tí mo bá sọ̀ kalẹ̀, 5:08 ìrọ̀lẹ́ lọkọ̀ tó kàn, wákàtí mẹ́wàá gbáko nínú òtútù tó ń pa yìnyín gan-an, mo bá jókòó jẹ́ẹ́. Dírẹ́bà yẹn, òun nìkan, kò sẹ́ni tó ń wò ó, na ìka sí iná tó wà níwájú, ó pe orúkọ iná yẹn sókè ketekete bí ọmọ tó ń ka ábídí, ó wo àkókò lójú aago ẹ̀, ó tún na ìka sí aago, ó wá lọ. Gbogbo dírẹ́bà wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé kí ojú àti ẹnu àti ọwọ́ jọ jẹ́rìí. Ohun tó jọ mí lójú ni pé ó ṣe é níbi tí ò sí ẹ̀dá alààyè, gẹ́lẹ́ bó ṣe máa ṣe é láàárín ìlú.

Ní Kyu-Shirataki, mo jókòó sápá kejì, mi ò rí ẹni tó wọlé dáadáa, aṣọ òtútù bò ó dé etí. Ìgbà tí ọkọ̀ gbéra ni mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ipasẹ̀ bàtà lórí òjò dídì, láti ojú ọ̀nà wá sí ahéré, láti ahéré wá sí etí pèpéle. Ti ẹnì kan ṣoṣo ni.

Ṣùgbọ́n ní Shirataki tá a ti kọjá, àwọn ọmọ ilé ìwé mìíràn ti wọlé, inú ọkọ̀ sì ń móoru sí i bá a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Engaru. Ohun tí ìtàn Facebook gbé jù sílẹ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ yẹn, àwọn ọmọ ilé ìwé ni wọ́n tìtorí wọn ń wà á lóòótọ́, kì í ṣe ọmọ kan. Ní ìgbèríko Japan, bó ṣe rí káàkiri nìyẹn. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti kékeré wà nítòsí, ṣùgbọ́n sẹ́kọ́ńdìrì àgbà, inú ìlú ló wà, ó ju 30 kìlómítà lọ síbẹ̀ láti Kyu-Shirataki. Àgbàlagbà ní mọ́tò. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún 18 ò lè gba láísẹ́ńsì mọ́tò. Ta ló wá kù tó máa wọ rélùwéè lójoojúmọ́? Torí ẹ̀ lọkọ̀ kan ṣoṣo tó kù láàárọ̀ fi bá aago ilé ìwé mu, kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu, ibi tí oníbàárà wà ni ọjà ń ná sí.

Ọ̀rọ̀ March wá ńkọ́? Ilé ìwé Japan ń bẹ̀rẹ̀ ní April, ó ń parí ní March, gbogbo orílẹ̀-èdè. Rélùwéè wọn náà, March ni wọ́n ń yí àkókò ọkọ̀ padà lọ́dọọdún, gbogbo ilé iṣẹ́ JR, ìyẹn àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n pín rélùwéè ìjọba sí, lọ́jọ́ kan náà. Bí téṣàn bá máa kú ní Japan, March ló sábà máa ń kú. Torí náà kò sí bí wọ́n ṣe máa ti téṣàn kan tí kò ní bọ́ sí ẹ̀yìn gradúéṣọ̀n ẹnì kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n ti Kyu-Shirataki yẹn, téṣàn mẹ́jọ ni JR Hokkaido tì lápapọ̀, mẹ́rin lórí ojú irin Sekihoku nìkan: Kami, Kyu, Shimo, àti Kanehana. Ṣé ọmọbìnrin mẹ́jọ ló jáde ilé ìwé lọ́jọ́ kan náà ni? Mi ò sọ pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ò láàánú o, mo ń sọ pé ìwé àkókò ọkọ̀ ló ṣe é.

Ó tún wá burú jù báyìí. Ṣé o mọ nǹkan tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ yẹn kan náà, March 26, 2016? Ọjọ́ yẹn ni Shinkansen, ọkọ̀ tó ń sáré bí ọfà, wọ Hokkaido fún ìgbà àkọ́kọ́, ó gba abẹ́ òkun kọjá dé Shin-Hakodate-Hokuto. Ayẹyẹ lápá gúúsù, wọ́n ń ti ilẹ̀kùn lápá àríwá. Mi ò bẹ̀rù láti sọ ọ́, ìyẹn gan-an ni ìtàn tó yẹ kó gba Facebook, ṣùgbọ́n kì í pa èèyàn lẹ́kún.

Ó yá, owó dísù ẹ. Rélùwéè ìjọba Japan ayé àtijọ́ jẹ gbèsè tó bá a dọ́rùn, bíi tírílíọ̀nù 37 yen nígbà tí wọ́n tú u ká ní 1987. Wọ́n gé e sí méje, mẹ́fà fún èrò, ọ̀kan fún ẹrù. Àwọn tó gba Tokyo àti Osaka mọ̀ pé wọ́n máa jèrè. Hokkaido, gbogbo èèyàn mọ̀ pé kò lè jèrè láéláé, ilẹ̀ fẹ̀, èèyàn kéré, òjò dídì ò lópin. Ni wọ́n bá ṣe bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe fún ọmọ tí ò lè dá dúró: wọ́n fún un ní owó ìpìlẹ̀ bílíọ̀nù 682.2 yen, pé kó má fọwọ́ kàn án, kó máa jẹ èlé orí ẹ̀. Lọ́dún yẹn èlé ń lọ ní 7.3 nínú ọgọ́rùn-ún, owó tó ń wọlé lọ́dọọdún súnmọ́ bílíọ̀nù 50. Ó tó bo àdánù. Ètò yẹn mọ́gbọ́n dání lórí bébà, ẹni tó ṣe é ò burú.

Àfi bí ọrọ̀ ajé Japan ṣe dẹnu kọlẹ̀ láàárín 1990 sí 1999, tí èlé já wá sílẹ̀ bí èso tó pọ́n jù, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo. Owó ìpìlẹ̀ wà níbẹ̀, kò bímọ mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń kó lọ sí Sapporo, oko ń ṣófo, igi tí wọ́n ń gé tẹ́lẹ̀ ò tà mọ́. Nígbà tó máa di November 2016, oṣù mẹ́jọ péré lẹ́yìn ìtàn ọmọbìnrin yẹn, JR Hokkaido jáde sọ gbangba pé ojú irin tó gùn tó 1,237.2 kìlómítà ti kọjá agbára àwọn nìkan, wọ́n dárúkọ apá 13, Sekihoku látòkè délẹ̀ wà níbẹ̀. Nínú March 2021 wọ́n tún ti téṣàn 18 pa lẹ́ẹ̀kan, àwọn mìíràn, ìjọba ìbílẹ̀ ló gba títọ́jú ẹ̀ kí wọ́n má bàa tì í.

Èrò tèmi ni pé títi téṣàn pa ò gba ẹnikẹ́ni là. Ahéré kan, gílóòbù kan, ẹni tó ń kó òjò dídì, èló nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin 234 kìlómítà àti ihò abẹ́ òkè tó nílò àtúnṣe lọ́dọọdún? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àmọ́ mo gbọ́ ìdáhùn tiwọn náà, pé téṣàn tí ò lérò ń dá ọkọ̀ tó lérò dúró, pé gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ láyé àtijọ́ ti gbó tán pa pọ̀. Àwọn náà ń gbìyànjú.

Ohun kan wà tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú ẹ̀. Shimo-Shirataki tí wọ́n tì yẹn ò kú tán. Èèyàn ni wọ́n tì í fún, wọn ò tì í fún ọkọ̀. Ọkọ̀ méjì ṣì ń pàdé níbẹ̀ kí ọ̀kan yà fún èkejì, bí Oku-Shirataki náà ṣe wà látọdún 2001. Iná ṣì ń tàn, irin ṣì pín sí méjì, o ò ṣáà lè sọ̀ kalẹ̀ ni. Láàárín Kamikawa àti Shirataki báyìí, 37.3 kìlómítà gbáko ni láìsí téṣàn kankan, kò sí ibòmíràn nínú gbogbo ojú irin JR lásán, ìyẹn tí a bá yọ Shinkansen kúrò, tí téṣàn méjì tó tẹ̀ léra ti jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀.

Mo ti dárúkọ Kanehana, mi ò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òun náà kú lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú Kyu-Shirataki, kò sẹ́ni tó sunkún ẹ̀ lórí Facebook, bẹ́ẹ̀ òun ni mo máa ń ronú kàn jù. Ní tòsí ibẹ̀ ni ihò abẹ́ òkè kan wà tó ń jẹ́ Jomon, kò gùn, mítà 507 péré, 1914 ni wọ́n ṣí i. Àwọn tó gbẹ́ ẹ, òṣìṣẹ́ tí wọ́n tàn wá ni púpọ̀ nínú wọn, wọ́n ṣèlérí owó fún wọn, wọ́n sì ń fi àgádágodo há wọn mọ́lé lóru kí wọ́n má bàa sá. Wọ́n ní ó lé ní 100 tó kú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ń sọ pé iwin wà níbẹ̀, pé àwọn kan dúró nínú ògiri yẹn, àwọn ọ̀làjú ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ilẹ̀ mì tìtì ní 1968, ògiri ihò náà sán, nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe ní 1970 wọ́n tú bíríkì, egungun èèyàn wà lẹ́yìn ẹ̀. Ní 1980 wọ́n gbé òkúta ìrántí kan kalẹ̀ ní Kanehana fún wọn. Téṣàn tó sún mọ́ òkúta yẹn ni wọ́n tì. Ọkọ̀ ṣì ń gba inú ihò yẹn kọjá lójoojúmọ́, pẹ̀lú ọkọ̀ ẹrù àlùbọ́sà láti Kitami tí wọ́n ń fi ẹ̀ńjìnnì méjì wà, ọ̀kan níwájú ọ̀kan lẹ́yìn, láti ìgbà ìkórè títí di ìgbà ìrúwé.

Kí n má gbàgbé, torí mo mọ̀ pé o fẹ́ràn irú nǹkan báyìí: àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì ní Sekihoku yẹn jẹ́ mìlímítà 1,067, àlàfo kan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú ti irin àtijọ́ tiwa láti Èkó lọ sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1901. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ló bá wa yàn án, àwọn ni wọ́n sì bá Japan yàn án náà. Tèwo ló pẹ́ jù lórí irin yẹn, jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Pásítọ̀ ẹ ńkọ́? Má lọ bá wọn jà o. Lọ bá wọn lẹ́yìn ìsìn, kí wọn dáadáa, sọ fún wọn pé Kyu-Shirataki ni, kì í ṣe Kami, pé ọmọ yẹn wà lóòótọ́, pé ó jí láàárọ̀ kùtùkùtù fún ọdún mẹ́ta torí ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà tó lè gbé e dé ilé ìwé, tó bá pàdánù ẹ̀ ó parí fún un lọ́jọ́ yẹn. Tí wọ́n bá ṣì fẹ́ wàásù àgùntàn, àgùntàn ló ń sáré lé olùṣọ́ nínú ìtàn yìí o, kì í ṣe olùṣọ́ ló ń wá a kiri. Wọ́n lè rí nǹkan yọ níbẹ̀.

Tí Ọlọ́run bá sì gbé ìwọ fúnra ẹ débẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ tó yá tó ń jẹ́ Okhotsk ni kó o wọ̀ láti Sapporo, ó ń dúró ní Shirataki gangan. Sọ̀ kalẹ̀, lọ wo òkúta dúdú dídán bíi gíláàsì tí àwọn ará ayé àtijọ́ fi ń ṣe ọ̀bẹ àti ọ̀kọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí irin tó débẹ̀, wọ́n sọ wọ́n di ìṣúra orílẹ̀-èdè ní 2023. Tó o bá sì fẹ́ tẹ̀ síwájú dé Abashiri, mọ̀ pé ní Engaru ọkọ̀ máa dúró, ibi tó kọjú sí máa di ẹ̀yìn, torí ojú irin kan tó ń bá a lọ níwájú tẹ́lẹ̀, Nayoro, wọ́n ti hú u dànù láti 1989, ọkọ̀ ò sì ní ibòmíràn láti lọ ju kó yíra padà. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún ẹ. Wàá ṣáà rí i táwọn ará ibẹ̀ dìde, tí wọ́n tẹ nǹkan kan mọ́lẹ̀ lábẹ́ àga, tí wọ́n yí i po. Dìde, yí tìẹ náà.